Ẹ̀jẹ̀ mi pé, ara mi ò pé: ṣé àyẹ̀wò kan wà tó lè fi àárẹ̀ yìí hàn?

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Àtàárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn. Mo tẹ̀ díẹ̀, mo sinmi, mo tún tẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ẹ̀yìn Bájùláyè, ó ti lé lọ́dún méjìdínlógún. Kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, risíìtì, kò sí èyí tá a kì í tẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ bébà bá dé, èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi la jọ máa já a. Màá gbé ríìmù méjì lé èjìká, màá gun àtẹ̀gùn lọ sókè, màá tún sáré sọ̀ kalẹ̀. Tí àsìkò kàlẹ́ńdà bá dé lópin ọdún, mo lè má fojú kan oorun fún ọjọ́ méjì, kí n máa mu kọ́fí, kí n máa ṣépè fún NEPA. Kò sóhun tó ń ṣe mí.

Ní oṣù Keje 2021, gbogbo ilé wa ṣàìsàn. Ibà, ikọ́, imú wa ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà rò pé ó ti tán. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn já ríìmù ogún, mo tilẹ̀ ń fi àwọn ọmọṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò lágbára. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, ó rẹ̀ mí díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ẹ jẹ́ kó yé yín o, kì í ṣe bó ṣe máa ń rẹ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ọ̀fun ń ro mí, abẹ́ àgbọ̀n mi wú, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú. Orí mi wá dà bí ẹ̀rọ tí íǹkì gan mọ́ nínú: ó ń yí, kò tẹ nǹkan kan jáde. Ọmọ mi obìnrin béèrè lọ́wọ́ mi pé mélòó ni méjì lọ́nà mẹ́sàn-án. Mo kàn ń wò ó lójú.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wà nílẹ̀. Nígbà tó dẹwọ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tún dá mi dùbúlẹ̀. Bó ṣe ń bá a bọ̀ látìgbà yẹn nìyẹn. Mo ti wá mọ ìwà ẹ̀: kì í mú mi lójú ẹsẹ̀. Á jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ tán, kí n délé, kí n jẹun, kí n sùn. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló máa wá gba gbèsè ẹ̀, tòun ti èlé. Oorun pàápàá kì í ṣe oorun mọ́. Mo lè sun wákàtí mẹ́wàá, kí n jí bí ẹni tó fi gbogbo òru ti dáńfó láti Ọ̀jọ́tá dé Ọ̀nìpàn.

Ní ti ilé ìwòsàn, mi ò ní dárúkọ ibì kankan. Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n tọ́jú mi fún táífọ́ọ̀dù láàárín ọdún méjì! Lẹ́yìn ìyẹn, PCV: 44. Genotype: AA. Ṣúgà, ó dáa. BP, ó dáa. HIV, kò sí. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, thyroid (ẹṣẹ́ inú ọrùn), gbogbo ẹ̀ pé. Dókítà kan báyìí, ọmọdé ni, yí ìwé náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín dáa ju tèmi lọ." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP tán, ni omi bá ń dà lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní ọ̀lẹ ti wọ̀ mí lára. Pásítọ̀ ní kí n wá fún ìtúsílẹ̀. Ìyá mi ní ẹnì kan ló sin nǹkan síbi tí mo tẹ̀ kọjá. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló dùn mí jù. Tí mo bá dìde lórí àga tí mo tún jókòó padà, á kàn máa wò mí.

Dókítà àgbàlagbà kan ló wá fún un lórúkọ níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí: ME/CFS, àìsàn àárẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú ogójì. Ó ní àìsàn gidi ni, ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tóun lè nà sí ẹnikẹ́ni, pé ìtàn tí mo sọ lòun fi mọ̀ ọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ atẹ̀wé ni mí. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, ohun tí kò bá sí lórí bébà, kò sí náà nìyẹn. Tá a bá ń tẹ aláwọ̀ mẹ́rin, àmì kékeré kan máa ń wà ní igun bébà, àgbélébùú nínú òbìrìkìtì. Tí àwọ̀ kan bá yẹ̀, àmì yẹn ni màá wò, màá mọ̀ bóyá pupa ló yẹ̀ àbí búlúù, màá sì mọ ibi tí màá fọwọ́ kàn lára ẹ̀rọ. Irú àmì yẹn ni mò ń wá lára mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àwọn Òyìnbó ti rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń mú àìsàn yìí ní ìdá 96 nínú 100. Kò tíì pé ọjọ́ méjì sí i, ọmọkùnrin kan tó ń wá kọ́sítọ́mà fún láàbù kan ní kí n mú ₦185,000 wá, pé wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ mi, àmì àárẹ̀ á sì jáde. Owó wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ṣé òótọ́ ni? Ṣé àmì kan wà tí mo lè lọ yẹ̀ wò nínú Èkó yìí?

Ọmọ Ẹlẹ́gbòogi:

Ẹ̀gbọ́n, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà jẹ yín lówó. Ìgò mẹ́ta péré, ẹ máa gbé bébà tòun ti ẹ̀rọ. Mo wà ní Mushin, mo tún ń fi ránṣẹ́.

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Àgbo tí mo ti mu, ó kún kànga. Ẹ ṣeun.

Láàbù Yábàá:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ di owó olówó mú. Ẹ má fún ọmọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa tún PCV, ṣúgà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tẹ́ ẹ ti yẹ̀ wò yẹn ṣe, wọ́n á kó o sínú fáìlì tó ń dán, wọ́n á kọ "ó dáa" sí i. Ẹ ó wá san ₦185,000 kí wọ́n tún lè fi yín rẹ́rìn-ín.

Ohun tẹ́ ẹ kà lórí WhatsApp kì í ṣe irọ́ pátápátá, òun gan-an ló ń jẹ́ kó rọrùn láti fi gba owó. Ní 2025, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n wo bí DNA ṣe ká lé ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 47 àti ẹni 61 tí ara wọn le. Ibẹ̀ ni 96 yẹn ti wá. Àmọ́ àwọn 47 yẹn, àwọn tí àìsàn náà ti le débi pé wọn kì í jáde nílé ni. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ tipẹ́, ìdùbúlẹ̀ nìkan lè yí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ padà. Nǹkan míì tún ni pé dókítà yín ò wá ìyàtọ̀ láàárín yín àti ẹni tí kò ṣàìsàn. Ojú lásán ti sọ ìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín yín àti ẹni tí thyroid ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, tàbí ẹni tí ìbànújẹ́ dá dùbúlẹ̀, tàbí ẹni tí kì í mí dáadáa lójú oorun. Àyẹ̀wò tí kò bá tíì kọjá níbẹ̀ kò tíì di àyẹ̀wò.

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2009, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì kan, XMRV, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí. Ariwo sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àyẹ̀wò ẹ̀ fún aláìsàn, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń lo oògùn HIV nítorí ẹ̀. Ó wá hàn pé inú láàbù gan-an ni nǹkan náà ti kó wọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní 2011, ìwé ìròyìn *Science* fagi lé iṣẹ́ náà. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ láàbù kì í gbàgbé ìtàn yẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó jọ tiyín. Ní 2019, Ron Davis àti Rahim Esfandyarpour ní Stanford (ọmọ bíbí inú Davis ló ní àìsàn náà, ó sì le gan-an lára ẹ̀) gbé ẹ̀jẹ̀ sórí ẹ̀rọ tíńtín kan tó ń fi iná mànàmáná wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe. Wọ́n da iyọ̀ sí i, kí sẹ́ẹ̀lì lè ṣe làálàá. Iyọ̀ yẹn ló fi wọ́n hàn. Ẹ̀jẹ̀ onílera gbà á mọ́ra. Ti aláìsàn yí padà gan-an. Aláìsàn 20, onílera 20, kò ṣi ẹyọ kan. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kéré, ẹ̀rọ náà ò sì sí lọ́jà, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń sọ: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín lè máa dún dáadáa nígbà tí kò sí bébà nínú ẹ̀. Ẹ kó bébà sí i, ẹ ó rí ibi tó ti bàjẹ́. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín, ìjókòó lẹ jókòó nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò di ẹrù lé yín lórí kó tó wò yín.

Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń gbé aláìsàn gun kẹ̀kẹ́ àyẹ̀wò lọ́jọ́ méjì léra, pẹ̀lú ìbòmú tó ń wọn atẹ́gùn. Lọ́jọ́ kìíní, ọ̀pọ̀ wọn ò jìnnà sí èèyàn yòókù. Ọjọ́ kejì ni agbára wọn máa ń já wálẹ̀. Ìtàn ríìmù ogún yín gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má wá a lọ o, ó lè dá yín dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní Berlin, ọwọ́ ni wọ́n ń lò: aláìsàn á di ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọwọ́ mú pinpin lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á sinmi fún wákàtí kan, á tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n wò ó bóyá agbára náà padà.

Àwọn nǹkan míì wà tí wọ́n ti rí. Ọ̀kan lára ẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó jáde ní 2024 lórí aláìsàn 17. Wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, ó sì dín ní àwọn èròjà kan tí iṣan ara fi ń ránṣẹ́ síra. Ní 2025 bákan náà, iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ DecodeME ní Edinburgh ka jíìnì àwọn aláìsàn 15,579, wọ́n rí ibi mẹ́jọ tó yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ mọ́ bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn àti iṣan ara. Iye èèyàn yẹn dára. Àmọ́ àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ni wọ́n kà. Àwọn bàbá ńlá wa ò sí nínú ìwé yẹn, kò sì tíì di àyẹ̀wò ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ táífọ́ọ̀dù ẹ̀ẹ̀mẹfà yẹn sì bí mi nínú. Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan fún táífọ́ọ̀dù, ni wọ́n ń ṣe fún yín, mo fi orí mi búra. Ẹni tó bá ti ní táífọ́ọ̀dù rí, tàbí tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀, tàbí tí ibà kan lásán ń ṣe, Widal lè sọ pé ó wà. Ẹ ti jẹ oògùn tí kò yẹ kẹ́ ẹ jẹ.

Ìtàn tí dókítà àgbà yẹn jókòó gbọ́, òun gan-an ni àyẹ̀wò tó wà báyìí. Ohun tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní 2015 ni wọ́n ń wá: oṣù mẹ́fà ó kéré tán tí agbára ti já wálẹ̀, ìdálulẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, oorun tí kì í tuni lára, pẹ̀lú orí tí kò já geere tàbí ara tí kò gba ìdúró.

Ìdúró yẹn lẹ lè wọ̀n nílé. Ẹ yá ẹ̀rọ BP. Ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ wá dìde, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ má mira, ẹ máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú títí dé mẹ́wàá. Tó bá lọ sókè tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò sì wálẹ̀, tí BP ò já, ó ní ohun tí dókítà máa fi í ṣe. Kì í ṣe àmì ME/CFS nìkan, ẹlòmíì tó ní nǹkan míì lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tí òòyì bá kọ́ yín, ẹ jókòó.

Ìyá Ìbejì Ìsàlẹ̀ Èkó:

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Àṣọ léèsì ni mò ń tà ní Balógun. Ọdún 2016 ni tèmi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ibà kan tí kò tán. Àádọ́ta ọdún ó lé méjì ni mí, mo sì ti gbọ́ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pè yín yẹn. Tèmi, wọ́n fi àjẹ́ kún un.

Ẹ ṣé, ọmọ láàbù, Ọlọ́run á bù kún yín. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kì í ṣe ti ìwé. Ẹ rí mítà NEPA tá à ń ra káàdì sí yìí? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lo ara mi. Mo mọ iye yúníìtì tí mo jí sí. Ìwẹ̀ ń jẹ yúníìtì. Àtẹ̀gùn ń jẹ ẹ́ gan-an. Kọ́sítọ́mà tó ń nájà fún wákàtí kan láìrà, ìyẹn áyọ́ọ̀nù ni! Tó bá ti ku díẹ̀, mo pa ohun gbogbo, mi ò ní dúró kí iná lọ. Àpótí ìjókòó kan wà ní kíṣìnì, ọ̀kan wà ní balùwẹ̀, ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò kì í dúró rọ ẹ̀bà mọ́.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa sáré díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Wọ́n ní kí n máa ti Ìdúmọ̀tà rìn dé Tinúbú, kí n fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n gbé mi wálé. Ọmọ mi tó wà ní Manchester ló wá fi hàn mí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti yọ ìmọ̀ràn yẹn kúrò nínú ìwé ìtọ́jú wọn ní 2021. Oògùn burúkú ni wọ́n fi ṣe mí.

Nǹkan kan ṣoṣo tó kù: ẹ má dá ṣe ìdúró yẹn. Ẹ má sì pe ọmọṣẹ́. Ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ jẹ́ kó mú bírò dání, kó jẹ́ òun lá máa ka nọ́ńbà.

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Mo ti dá àsansílẹ̀ olóòkú padà sínú àpò ẹ̀. Ọmọkùnrin tó ní kí n mú ₦185,000 wá yẹn ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò gbé e.

A ṣe ìdúró náà lánàá. Ìyàwó mi yá ẹ̀rọ BP ní kẹ́mísì ìsàlẹ̀ ilé wa. Kò sí bébà nítòsí, ló bá mú ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní 2023, èyí tí pupa yẹ̀ lójú gómìnà. Ìdùbúlẹ̀: 70, BP 118/76. Mo dìde, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ìṣẹ́jú kìíní: 94. Ó ní ẹ̀rọ náà ń purọ́, ó tún un wọ̀n: 95. Ìṣẹ́jú kẹta: 101. Ìkarùn-ún: 106, BP 116/82. Mi ò mira, mi ò gbé nǹkan kan, ìdúró lásán ni mo dúró. Ìkeje: 111. Nígbà tó di ìkẹjọ, 113, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ mejèèjì ti di àwọ̀ àlùbọ́sà. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wò ó bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà. Kò dúró kí ìṣẹ́jú kẹwàá pé. Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ó ti fa àga wá.

Láàbù Yábàá:

70 sí 113. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya fọ́tò bébà yẹn kó tó sọnù. Ẹ tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ wá kó méjèèjì lọ bá dókítà àgbà. Ẹ má dá iyọ̀ tàbí oògùn kankan lò kó tó rí i. Ẹ sọ fún un kó tún wo ferritin, ìyẹn irin tí ara fi pamọ́, mi ò rí i nínú èyí tẹ́ ẹ kà sílẹ̀.

Atẹ̀wé Ṣómólú:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló ń gba gbèsè ẹ̀, nítorí ẹ̀ ni mi ò fi tètè dáhùn.

Fọ́tò wà. Bébà gan-an ò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yà sílé wa ní Sọ́ńdè, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: ọkùnrin tó ń sùn ní ọ̀sán. Yàrá ni mo wà, mo ń gbọ́ wọn. Ìyàwó mi ò dá a lóhùn. Ó wọlé wá, ó mú kàlẹ́ńdà náà lábẹ́ Bíbélì, ó jáde. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ kà á fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè." Ló bá ń kà á, 70, 94, 95, 101.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ra àpótí ti balùwẹ̀ yẹn? Èyí tá a rí ní Ọ̀nìpàn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀ lórí táìsì.